Níbi tí Omi ti ń Hó Kó Tó Gbóná

Gbogbo ẹni tó bá pàdé mi ní Òkè-Ogbó láti ìgbà tí mo ti dé láti orí òkè ńlá ló ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: ṣé lóòótọ́ ni pé ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀run? Ìyàwó pásítọ̀ wa bi mí. Alhaji tó ń ta símẹ́ńtì ní iwájú ilé wa bi mí. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Òkúta ló wà níbẹ̀, àti yìnyín, àti ọmọ mi kan ṣoṣo, àti ọmọ rẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tó jẹ́ pé mi ò lè máa dúró sọ ọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójú títì, mo jókòó láti kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ kó kà á.

Ohun tí mo bá lọ

Mọ́rẹ́nikẹ́ lorúkọ ọmọ mi. Ìlódè ni a ti bí i, ní ilé bàbá rẹ̀, kí a tó kọ́ ilé sí Òkè-Ogbó. Bàbá rẹ̀ ti di olóògbé. Èmi, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Yunifásítì tó wà ní Ifẹ̀ níbí ni ọmọ náà ti kọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ àti ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, ó sì tún lọ kọ́ ọ sí i lókè òkun. Ibẹ̀ ló ti pàdé Pasang, nọ́ọ̀sì kan tó wá láti abúlé orí òkè ní orílẹ̀-èdè Nẹpáà. Nígbà tí wọ́n parí ẹ̀kọ́, Pasang padà sí abúlé rẹ̀. Ọmọ mi tẹ̀ lé e.

Ohun tí Mọ́rẹ́nikẹ́ ń ṣèwádìí rẹ̀ wà lára ọkọ tó fẹ́. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lórí fóònù bí ìgbà tí èèyàn ń kọ́ ọmọ kíláàsì kejì.

"Màmá, jíìnì kan ni. EPAS1 ni wọ́n ń pè é. Gbogbo wa la ní in. Tí èèyàn bá dé ibi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, tí ọ́síjìn ò tó, ó wà lára ohun tó ń ké sí ara pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀ sí i. Tiwa, ará ìsàlẹ̀, máa ń pariwo jù. Ẹ̀jẹ̀ á wá ki bí ògì tí omi rẹ̀ ò tó, ọkàn á sì máa tiraka láti tì í kiri. Tàwọn ará òkè yàtọ̀ díẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ tiẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n ti jogún un."

"Ìwọ náà ńkọ́?" ni mo bi í.

"Èmi? Ọmọ Ifẹ̀ ni mí, Màmá." Ó rẹ́rìn-ín, mo bá a rẹ́rìn-ín, mi ò sì ronú lé ọ̀rọ̀ náà mọ́ nígbà yẹn.

Nígbà tó lóyún ni ọ̀rọ̀ jíìnì yìí di ọ̀rọ̀ tèmi. Bàbá Pasang tó ti kú kì í ṣe ará òkè, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ nìkan ni Pasang ti jogún ohun tí mò ń sọ yìí. Nítorí náà, ọmọ inú lè rí i gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè má rí i gbà. Mo ní tí kò bá rí i gbà ńkọ́? Ohùn Mọ́rẹ́nikẹ́ já lórí fóònù díẹ̀ kó tó tún wọlé. Ó ní àwọn á máa ṣọ́ ọmọ náà, tí ara rẹ̀ ò bá gba ibẹ̀, àwọn ò ní fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣeré, àwọn á sọ̀ kalẹ̀.

"Sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibo?"

"Ó lè jẹ́ Ifẹ̀, Màmá."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbàdúrà kí ọmọ náà má ní in. Ẹ má bá mi wí. Mo ti gbọ́ ohùn ọmọ mi nínú fóònù fún ọdún púpọ̀, fóònù ò ṣeé dì mọ́ra.

Nígbà tí mò ń di ẹrù, ohun ọmọ wíwẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kó: òrí, àdín, ọṣẹ dúdú, kànìnkàìn, àti aṣọ ìnura tó nípọn tí màá fi máa jó ìyá ọmọ lára. Mo fi gàrí àti ẹ̀wà olóyin lé e. Ìyá mi ló wẹ Mọ́rẹ́nikẹ́ fún mi ní Ìlódè. Ó ń na apá rẹ̀, ó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń jù ú sókè, ó ń hán an. Lẹ́yìn náà ló máa ń kọjú sí èmi náà pẹ̀lú omi gbígbóná títí màá fi bẹ̀bẹ̀. Ó ti wá kàn mí báyìí, ìyẹn kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń rán ẹlòmíì.

Ọ̀nà òkè

Ìlú ńlá tí mo kọ́kọ́ sọ̀ sí ò jọ mí lójú tó bí mo ṣe rò. Eruku wà níbẹ̀, ariwo ọ̀kadà wà níbẹ̀, inú mi sì balẹ̀. Àwọn èèyàn ibẹ̀ máa ń pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà tí wọ́n bá ń kíni, wọ́n á sì tẹrí ba. Èmi náà á kúnlẹ̀ díẹ̀. Wọ́n á tún tẹrí ba nítorí pé mo kúnlẹ̀, èmi náà á tún kúnlẹ̀ nítorí pé wọ́n tẹrí ba. Obìnrin kan wà tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè kúrò lójú kan.

Ọmọbìnrin kékeré kan fi ìka ra ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ó sì wo ìka náà bóyá àwọ̀ mi bá a wá. Ìyá rẹ̀ fẹ́ gbá a. Mo na apá kejì sí ọmọ náà pé kó yẹ ìyẹn náà wò. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní "Ámà". Ìyá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Níbi tí ọ̀nà mọ́tò parí sí ni Pasang ti ń dúró dè mí. Bó ṣe rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku lójú gbogbo èèyàn. Àwọn tó ń gbé ẹrù dúró wò ó, wọ́n rò pé ó ṣubú ni. "Ẹ káàárọ̀, Màmá," ló wí. Ìrọ̀lẹ́ ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ìkíni, ṣùgbọ́n èyí tó dì mọ́ ọn lẹ́nu nìyẹn, ọ̀sán ni o, alẹ́ ni o. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, inú sì bí mi díẹ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ọmọ ti dé ṣáájú mi. Obìnrin ni. Wọ́n sọ ọ́ ní Nima, torí pé ọjọ́ Àìkú ni wọ́n bí i, bí àwa náà ṣe máa ń pe ọmọ ní Bọ́sẹ̀.

A ń gòkè jẹ́jẹ́, a ń sùn lọ́nà, nítorí pé ẹni tó bá sáré gun òkè yẹn, òkè náà á dá a padà. Ilé kékeré tọkọtaya àgbà kan la dé ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ìyá náà gbé tíì fún mi, tíì oníbọ́tà tó ní iyọ̀. Kò bá mi lẹ́nu mu, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, èèyàn kì í ṣẹ́ oúnjẹ kù níwájú ẹni tó gbé e kalẹ̀. Mo mu ún tán. Ó bù ú kún. Mo tún mu ún tán. Ó tún bù ú kún, ojú rẹ̀ sì ń dán fún ayọ̀. Ìgbà tí inú mi ti kún dé ọ̀fun ni Pasang rọra sọ fún mi pé níbẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ mọ́ ńṣe ló máa ń fi ife sílẹ̀ ní kíkún. Ìyá náà rò pé mi ò tíì mu tíì rí látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Àmọ́ pòtétò sísè tí wọ́n fi ata lílọ̀ tì, ìyẹn bá mi lára mu. Ata náà ta mí débi tí omijé fi bọ́ lójú mi, mo sì jẹ́ kí wọ́n rò pé ata nìkan ni.

Nígbà tí a kọjá ibi tí igi ti ń hù, èémí mi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Orí ń fọ́ mi. Oorun ò wá.

"Màmá, orí ń fọ́ yín?" Pasang bi mí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

"Rárá o. Ara mi dá ṣáṣá."

Irọ́ ni. Ẹni tó bá jẹ́ ìyá ìyàwó ní ilẹ̀ Yorùbá á mọ ìdí rẹ̀. Èèyàn kì í wá wẹ ọmọ ní ilé àna kó wá dùbúlẹ̀ àìsàn síbẹ̀. Wọ́n á ní ta ló wá tọ́jú ta. Mo fi gèlè di orí mi le dáadáa, mo sì ń gòkè lọ.

Omi orí òkè

Mọ́rẹ́nikẹ́ jáde sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó fi aṣọ òfì tí mo fún un nígbà tó ń lọ pọ̀n ọ́n. Ó ti rù. Ètè rẹ̀ dúdú ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ó kúnlẹ̀, mo sì gbé e dìde. A dì mọ́ra títí ọmọ fi ké láàárín wa. Mo ní kí wọ́n gbé e fún mi. Ó kéré, ara rẹ̀ gbóná, irun orí rẹ̀ sì ká kókó bíi ti ìyá rẹ̀ nígbà tí a bí i. Mo wo ètè rẹ̀ kí n tó wo ohunkóhun mìíràn. Ó pọ́n rẹ́sùrẹ́sù, bíi ti ẹni tí afẹ́fẹ́ tó. Mo sọ fún ara mi pé kò tíì túmọ̀ sí nǹkan kan.

"Ṣé ẹ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò?"

"A ti fi ránṣẹ́ sí ìlú ńlá. Èsì ò tíì dé." Ó wò mí. "Màmá, ara yín dá?"

"Ara mi dá."

Ìyá Pasang wà nínú ilé náà, obìnrin kúkúrú tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa bí ẹni tó jókòó ti iná pẹ́. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà ò gbọ́ èdè wọn. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó fi iwájú orí rẹ̀ kan tèmi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé omi kaná. Kíá ló hó, ó ń ru gùdù. Inú mi dùn pé ilé yìí ní iná tó dára. Mo ti aṣọ ìnura bọ̀ ọ́, mo fún un, ọwọ́ mi sì sọ fún mi lójú ẹsẹ̀ pé èyí kọ́ ni omi tí mo mọ̀. Kò jó tó. Kí n tó gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Mọ́rẹ́nikẹ́ nínú òtútù yẹn, ó ti di omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ọ́. Mo dá a padà sórí iná, mo ní kó hó sí i. Ó ń hó, ó ń hó, kò gbóná ju bó ṣe wà lọ.

"Bó ṣe máa ń rí níbí nìyẹn, Màmá," ni ọmọ mi wí. "Afẹ́fẹ́ ò wúwo tó láti tẹ omi mọ́lẹ̀. Ó máa ń hó kó tó gbóná."

Ẹ̀wà olóyin mi náà fojú rí i. Àárọ̀ ni mo gbé e kaná, ní ìrọ̀lẹ́ ó ṣì le bí òkúta wẹẹrẹ. Ìkòkò kan tó máa ń sé ooru mọ́nú, tó sì máa ń súfèé, ni wọ́n padà fi sè é.

Mo ní kí n tiẹ̀ wẹ ọmọ. Ìyá Pasang rí bàsíà, ó rí kànìnkàìn, ó sì gbé omi náà sẹ́yìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọ̀bẹ kúrò nílẹ̀ fún ọmọdé. Ó fi ọwọ́ gba ara rẹ̀ mọ́ra, ó gbọ̀n, láti fi sọ fún mi pé òtútù á mú un. Ó gbé ọmọ lọ síbi tí oòrùn ti ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó fi òróró kan tí òórùn rẹ̀ le pa á lára, ó ń na apá rẹ̀, ó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ìyá mi ń ṣe gan-an ló ń ṣe, àfi pé kò lo omi. Ọmọ náà sùn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jókòó ti bàsíà mi. Òrí tí mo gbé wá láti Ifẹ̀ ti dì gbagidi nínú ike. Mo jowú obìnrin náà débi pé àyà ń dùn mí, àbí mo rò pé owú ni.

Kì í ṣe owú. Nígbà tó yá, mi ò lè gun àtẹ̀gùn ilé mọ́. Ọ̀fun mi ń dún bí ìkòkò tó fẹ́ hó. Pasang gbé etí lé ẹ̀yìn mi, ojú rẹ̀ yí padà.

"Omi ti ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró yín. Kò sí oògùn tó dà bíi kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ní báyìí."

"Mi ò tíì wẹ ọmọ," ni mo wí.

Mọ́rẹ́nikẹ́ ń sunkún. "Màmá, ìgbà wo ni orí ti ń fọ́ yín?"

Mo sọ òótọ́ fún un nígbà yẹn, nítorí pé èémí tí màá fi purọ́ ò sí mọ́.

Lẹ́yìn Pasang

Agbọ̀n ńlá kan wà tí wọ́n fi ń gbé igi ìdáná níbẹ̀, okùn rẹ̀ máa ń gba iwájú orí ẹni tó gbé e. Wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, wọ́n fi kúbùsù tẹ́ ẹ, wọ́n sì gbé mi sínú rẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé, èmi tí mo wá pọn ọmọ-ọmọ mi, ẹ̀yìn ọkọ ọmọ mi ni mo wà tí mo fi jáde nílé àna. Ojú tì mí, ó sì tún pa mí lẹ́rìn-ín. Èrò tó ń sọ̀ àti èrò tó ń gòkè ń yà fún wa. Gbogbo wọn ló ń kí mi ní Ámà.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni orí mi ń fúyẹ́. Igi bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà. Ní abúlé kan tó wà ní ìdajì ọ̀nà, Pasang sọ̀ mí, ó sì ní kí n mí. Mo mí. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èémí dùn tó bẹ́ẹ̀. Àárò ilé wá sọ mí lójú kan náà. Àárò ọmọ mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ sọ mí náà, mi ò sì mọ èyí tó lágbára jù nínú méjèèjì.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ara mi fi ń yá. Ní ọ̀sán kan, mo rí wọn lókèèrè tí wọ́n ń bọ̀: Mọ́rẹ́nikẹ́ níwájú, Ìyá Pasang lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ. Pasang sọ fún mi pé ó ti pẹ́ gan-an tí ìyá òun ti sọ̀ kalẹ̀ dé ibẹ̀ kẹ́yìn. Ooru ń dà á láàmú. Ó bọ́ aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ fẹ́ ara rẹ̀, ó ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wúwo lórí òun. Èmi ń gbádùn afẹ́fẹ́ náà, òun ń jìyà lábẹ́ rẹ̀. Òun gan-an ló dáná. Òun ló gbé omi kaná. Nígbà tó hó, ó pè mí, ó nawọ́ sí ìkòkò, ó sì gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́.

Mo wẹ̀ ẹ́. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ orí rẹ̀, mo na apá rẹ̀, mo na ẹsẹ̀ rẹ̀. Òrí ti yọ́, mo fi pa á lára. Mo jù ú sókè díẹ̀, Ìyá Pasang sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Àjọkẹ́ ni mo pè é. Ìyá Pasang tún un pè, ó pè é dáadáa.

Mọ́rẹ́nikẹ́ jókòó tì mí. "Màmá, èsì ti dé."

Ọwọ́ mi ò kúrò lára ọmọ.

"Ó ní in. Ó jogún rẹ̀ lọ́wọ́ Pasang."

"Ó dáa," ni mo wí. "Ara rẹ̀ á le níbẹ̀." Lẹ́yìn náà ni mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Mo gbàdúrà kó má ní in."

"Mo mọ̀." Ó ń wo ọmọ rẹ̀, kò wò mí. "Èmi náà gba àdúrà yẹn lẹ́ẹ̀kan, ní òru tí mo bí i. Ojú tì mí nígbà tí ilẹ̀ mọ́."

"Kí ló dé?"

"Èmi ni kò ní in, Màmá. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni mo lè rìn kí n tó dúró. Àtẹ̀gùn ilé wa yẹn, kò sí ọjọ́ tí mo gùn ún tí mi ò dúró láàárín rẹ̀. Wọ́n rò pé mò ń sinmi. Ifẹ̀ ni mo máa ń rántí níbẹ̀. Nílé, mi ò mọ̀ rárá pé mò ń mí."

Mo ní kó máa bá mi bọ̀. Mo sọ ọ́ ní gbangba, mi ò fi àwàdà bò ó. Ó mi orí. Ó ní Pasang nìkan ni nọ́ọ̀sì tí abúlé náà ní, ibẹ̀ sì ni ọmọ òun á ti sáré láì dúró. Òun fẹ́ wà níbẹ̀ láti wò ó. Ohun tí èmi náà fẹ́ nìyẹn, kí n wà níbi tí ọmọ mi wà kí n máa wò ó. Ara mi ló kọ̀ ọ́.

Mo gbé omi tó kù kaná padà. Níbẹ̀, omi gbóná díẹ̀ ju tòkè lọ. Mo fi aṣọ ìnura jó ọmọ mi lẹ́yìn, ní ìbàdí, ní ikùn, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí bí mo ṣe bẹ ìyá mi.

Ilé

Mo ti wà nílé báyìí. Gbogbo nǹkan wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Èmi nìkan ni mo máa ń dúró lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì láìjẹ́ pé ó rẹ̀ mí. Èémí mi pé. Ńṣe ni mo kàn ń dúró, bí ọmọ mi ṣe ń dúró lórí tirẹ̀.

Ní òwúrọ̀, Mọ́rẹ́nikẹ́ máa ń pè mí. Mo ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ohùn rẹ̀, ohun tí mi ò fetí sí ní gbogbo ọdún yẹn. Ó máa ń dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ kó lè mí. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?" ló bi mí lánàá.

"Mo gbé omi kaná."

"Ó ti hó?"

"Ó ti hó."

"Ṣé ó gbóná?"

"Ó gbóná dáadáa, ọmọ mi."

Ó dákẹ́. Mo dúró dè é títí ó fi mí tán.